Orúkọ alámì ohùn ń dá ètò wa dúró: báwo ni a ṣe lè dènà àkúnwọ́sílẹ̀ bọ́fà?

Akọ̀wé Àjọ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí kò tóbi púpọ̀. Ètò tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti lé ní ọdún méjìlá. Èdè C ni ẹni tó kọ ọ́ lò, ẹni náà sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Orí server Linux kan ló wà, àwọn tó jókòó sí káńtà sì ń fi orúkọ àti iye owó ránṣẹ́ sí i láti orí kọ̀ǹpútà tiwọn.

Ìgbà tí a ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa kọ orúkọ wọn bó ṣe tọ́, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn orúkọ kan ń wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ àwọn mìíràn, ètò náà á kú lójijì, á sì fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀:

`*** stack smashing detected ***: terminated`

Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n tún kóòdù náà gbé gba inú compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe), kí n sì fi `-fno-stack-protector`, tó ń yọ ààbò kúrò, sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ètò náà kò sì kú mọ́. Gbogbo ènìyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé a ti yanjú ọ̀rọ̀ náà ni, àbí ẹni tó ń kígbe olè la kàn dì lẹ́nu?

Màmá Kernel dáhùn pé:

Akọ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ti dá ara yín lóhùn: ẹni tó ń kígbe olè lẹ dì lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ dá ààbò náà padà, kí ètò náà máa kú bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀, nítorí ètò tó kú sàn ju ètò tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn lábẹ́ orúkọ yín lọ.

Bọ́fà ni àyè tí ètò yà sọ́tọ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà láti fi gba ohun tó ń wọlé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé irú ìlà méjì yìí wà nínú kóòdù yín:

```
char oruko[16];
strcpy(oruko, eyi_to_wole);
```

Ẹni tó kọ ọ́ rò pé orúkọ tó ní lẹ́tà 15 ti gùn tó, ó ya báìtì 16 sọ́tọ̀, ìyẹn ẹyọ àyè ìrántí 16, ó sì fi báìtì 1 nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún òdo tí èdè C fi ń parí ọ̀rọ̀. Olorunfunmilayo, bí a ti ń kọ ọ́ láìlámì, jẹ́ lẹ́tà 15 géérégé, ó sì wọ inú àyè yẹn wẹ́kú. Ẹ wá kọ ọ́ bó ṣe tọ́, Ọlọ́runfúnmiláyọ̀, kí ẹ sì fi báìtì UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà alámì, kà á: Ọ àkọ́kọ́ gba 3, ọ́ tó tẹ̀lé e gba 5, nítorí pé lẹ́tà náà gba 3, àmì orí rẹ̀ tó dá dúró sì gba 2, ú gba 2, á gba 2, ọ̀ tó kẹ́yìn sì tún gba 5. Pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tó kù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì 27, òdo ìparí sì sọ ọ́ di 28. `strcpy`, àṣẹ C tó ń ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀, kò mọ bí àyè tí a gbé ka iwájú rẹ̀ ti tó, kì í sì í béèrè; yóò máa dà á lọ títí yóò fi kan òdo. Báìtì 12 ti dà sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Inú àdúrà ni a ti sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "àkúnwọ́sílẹ̀", ṣùgbọ́n níbí, kì í ṣe ohun tí à ń ṣe àmín sí.

Orí stack, apá ìrántí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ètò ń lò nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, ni bọ́fà yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni àdírẹ́sì ibi tí ètò gbọ́dọ̀ padà sí lẹ́yìn tó bá parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá rí nǹkan kọ lé àdírẹ́sì yìí lórí ló ń pinnu ibi tí ètò ń lọ. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ yín kàn ń bà á jẹ́ láìmọ̀ ni. Ẹni ibi ní tirẹ̀ yóò fara balẹ̀ ṣa báìtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àdírẹ́sì náà lè darí ètò sí àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá.

Ohun tó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ rí ni wọ́n ń pè ní canary. Ẹyẹ ìbákà ni orúkọ náà túmọ̀ sí, irú ẹyẹ tí àwọn awakùsà ìgbà kan máa ń gbé wọ inú kòtò, kí ó lè kọ́kọ́ dákú bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ti bàjẹ́. Compiler á fi nọ́ńbà àṣírí kan sí àárín bọ́fà àti àdírẹ́sì ìpadà. Kí iṣẹ́ náà tó padà síbi tó ti wá, á yẹ nọ́ńbà náà wò, bí ó bá sì ti yàtọ̀ sí bó ṣe fi í sílẹ̀, á dá ètò dúró lójú ẹsẹ̀. StackGuard ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní ọdún 1998.

Ó ti pẹ́ kí wọ́n tó rí i ṣe. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988 ni Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, tú kòkòrò kan, ìyẹn ètò tó ń tan ara rẹ̀ ká, sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn ojú ihò tó gbà wọlé ni ètò fingerd, tó ń fi `gets`, àṣẹ C tí kì í wọn ohun tó ń gbà, gba ìbéèrè sínú bọ́fà báìtì 512. Kòkòrò náà fi báìtì 536 ránṣẹ́ sí i. Báìtì 24 péré ló fi lé. Lórí ẹ̀rọ VAX, 24 yẹn ṣílẹ̀kùn. Lórí ẹ̀rọ Sun, ńṣe ni fingerd kàn ń kú, nítorí pé ti VAX nìkan ni Morris ṣe. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, Akọ̀wé: ètò tó ń kú níwájú yín lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì rọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé Àjọ:

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti dá ààbò náà padà. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo mú ẹ̀dà kan tí kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ààbò ṣì kúrò lára rẹ̀, mo fi orúkọ tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ dán an wò, mo sì tẹ owó 5000 náírà sí i. Ètò náà kò kú. Ó kọ orúkọ náà pé pérépéré, ó sì kọ owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ báyìí: -1016305299. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, nọ́ńbà kan náà ló ń gbé jáde.

Ìlà méjì tí ẹ sọ wà nínú kóòdù lóòótọ́. Mo fi grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá `strcpy`, `strcat` àti `sprintf`. Ibi 43 ni mo bá wọn. Ṣé kí n kàn sọ gbogbo 16 di 256 ni?

Àyìnlá Kóòdù dáhùn pé:

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àdììtú. Lẹ́yìn báìtì 16 àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà, báìtì 4 tó tẹ̀lé e ni m, i, l àti ààbọ̀ àkọ́kọ́ nínú á, èyí tí í ṣe 6D 69 6C C3 ní hexadecimal. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ x86 ti ń ka báìtì inú nọ́ńbà, nítorí náà ó rí 0xC36C696D, èyí tí ó jẹ́ -1016305299 bí a bá kà á sí int, ìyẹn odidi nọ́ńbà nínú èdè C. Iye owó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́fà orúkọ, "mil" inú "fúnmiláyọ̀" sì ti sọ 5000 náírà di gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù kan. Nígbà tí ààbò wà níbẹ̀, compiler máa ń kó àwọn bọ́fà lọ sí ẹ̀gbẹ́ canary, kí wọ́n má baà dà lé nǹkan mìíràn lórí. Nígbà tí ẹ yọ ọ́ ni owó àti orúkọ di aládùúgbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ìwé owó gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ gùn wò láti ọjọ́ tí ẹ ti yọ ọ́.

Ní ti 256, ó yẹ kí ẹ fẹ àyè náà, nítorí orúkọ wa nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe ibi yóò fi 300 ránṣẹ́. Ohun tí ẹ nílò ni kí ètò wọn ohun tó ń wọlé kí ó tó gbà á:

```
int n = snprintf(oruko, sizeof oruko, "%s", eyi_to_wole);
if (n < 0 || (size_t)n >= sizeof oruko)
    return KO_GBA;
```

`snprintf` kì í kọjá ìwọ̀n tí a fún un, ó sì máa ń sọ iye báìtì tí ọ̀rọ̀ náà ìbá gbà bí àyè bá wà, ìyẹn ni ẹ fi ń mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Ìlà kejì yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Bí ẹ bá fò ó, orúkọ á gé, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Ẹ wo bọ́fà báìtì 15: àyè fún 14 ni, Ọlọ́runfúnmiláyọ̀ á sì gé sí àárín ú, ààbọ̀ lẹ́tà tí kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á á wọ inú ìwé yín. Nínú ọ̀rọ̀ owó, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ètò má gba orúkọ náà, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó wà ní káńtà, ju kí ó gé orúkọ ọlọ́rúkọ lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi `strncpy` tàn yín. Bí ọ̀rọ̀ bá kún àyè dé etí, kì í fi òdo ìparí sí i, ẹni tó bá wá kà á lẹ́yìn náà á máa kà á kọjá lọ. Ẹ ṣọ́ `sizeof` pẹ̀lú: bí a bá ti gbé bọ́fà náà fún iṣẹ́ mìíràn, pointer lásán, ìyẹn àdírẹ́sì bọ́fà náà nìkan, ló kù níbẹ̀, lórí ẹ̀rọ 64-bit `sizeof` á sì dáhùn pé 8. Ẹ fi ìwọ̀n ránṣẹ́ pẹ̀lú bọ́fà nígbà gbogbo. `scanf` tó ní `%s` láìsí nọ́ńbà kò sàn ju `gets` lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà C11 ti yọ `gets` kúrò nínú èdè náà pátápátá ní ọdún 2011. Bí ẹ bá rí i nínú kóòdù yín, ẹ pa á rẹ́ láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ọ̀kan tí grep yín kò lè rí, òun ni `memcpy`, àṣẹ tó ń ṣe àdàkọ báìtì, tó ń gba ìwọ̀n láti ẹnu ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́. Irú rẹ̀ ló bí Heartbleed, ihò ààbò inú OpenSSL (ètò tí ọ̀pọ̀ server fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní àṣírí), tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2014: ẹni tó wà ní òdìkejì á sọ pé ọ̀rọ̀ òun gùn tó báìtì ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nígbà tí ohun tó fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan, OpenSSL á sì gbà á gbọ́, á kó ohun tó tó kílóbáìtì 64 láti inú ìrántí ara rẹ̀ fún un. Kíkà kọjá ààlà nìyẹn, kì í ṣe kíkọ, síbẹ̀ àìwọn-nǹkan kan náà ló fà á.

Onílé-Ìṣọ́ kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n Àyìnlá ti sọ ti kóòdù. Nínú ibi 43, ọ̀kan yóò bọ́ mọ́ yín lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí compiler àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá yín ṣọ́ ọ. Bí compiler GCC lẹ ń lò, ẹ fi ìwọ̀nyí sí i:

`-O2 -Wall -Wextra -fstack-protector-strong -D_FORTIFY_SOURCE=2 -fPIE -pie -Wl,-z,relro,-z,now`

`_FORTIFY_SOURCE` kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá sí `-O`, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ láìmọ̀. Níbi tí compiler bá ti lè mọ ìwọ̀n bọ́fà, á fi `strcpy` tó ń wọn nǹkan rọ́pò èyí tí kì í wọn nǹkan. `-pie` ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí Linux lè gbé ètò yín sí àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ nígbàkigbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹni ibi má lè mọ ibi tí yóò darí rẹ̀ sí. Ẹ wo inú `/proc/sys/kernel/randomize_va_space`: 2 ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 0, ẹnìkan ti pa á nígbà tó ń wá àṣìṣe kan, ó sì gbàgbé láti tan án padà.

Àwọn ẹ̀rọ òde òní kì í sì í jẹ́ kí ibi tí a ń kọ nǹkan sí nínú ìrántí tún jẹ́ ibi tí a ti ń mú àṣẹ ṣẹ. Láti ọdún 2004 ni Windows XP ti ní irú rẹ̀, nínú Service Pack 2. Kò pa olè lẹ́nu mọ́. Láti ọdún 1997 ni Solar Designer ti fi hàn pé ẹni tó wọlé kò nílò láti gbé àṣẹ tirẹ̀ wá bí ó bá lè darí ètò sí àwọn àṣẹ tó ti wà tẹ́lẹ̀ nínú libc, àkójọ àṣẹ tí àwọn ètò C ń lò, Hovav Shacham sì fi hàn ní 2007 pé a lè ṣa àjákù àwọn àṣẹ káàkiri inú ètò, kí a so wọ́n pọ̀ di iṣẹ́ tuntun.

Canary náà ní ibi tó kù sí, èmi sì rò pé ó kan yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí server yín bá ń fi `fork` bí ọmọ, ìyẹn ẹ̀dà ara rẹ̀, fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, canary kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ yẹn jogún. Ẹni ibi á ṣe àbá báìtì kan, ọmọ á kú, òmíràn á jáde, á tún àbá dá. Lórí Linux 64-bit, òdo ni ọ̀kan nínú báìtì 8 inú canary, 7 ló sì kù láti wá. Ìgbìyànjú 256 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 1792 lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ètò máa ka iye ìgbà tí ọmọ kú, kí ó sì dá iṣẹ́ dúró bí ó bá ti di mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra, kí ẹ sì lọ wo ìdí rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Rust:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ṣì ń lẹ aṣọ tó ti gbó? Microsoft fúnra rẹ̀ sọ ní 2019 pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ihò ààbò tí òun ń tún ṣe lọ́dọọdún ló jẹ mọ́ àṣìlò ìrántí. Rust, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2015, máa ń wo ààlà kí ó tó kọ nǹkan, bẹ́ẹ̀ náà ni Go, Java àti Python. Kí Akọ̀wé tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Màmá Kernel:

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, kò sì sí ẹni tó ń bá ọ jiyàn lórí ètò tuntun. Àmọ́ ètò Akọ̀wé mọ èlé lórí gbogbo ẹ̀yáwó ọdún méjìlá, títí kan àwọn àdéhùn tí kò sí nínú ìwé kankan, ẹni tó bá sì tún un kọ ní oṣù kan yóò da owó ọlọ́wọ́ rú lọ́nà mìíràn. Apá tó ń gba nǹkan láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ni kí ó kọ́kọ́ fi Rust tàbí Go kọ: kí ìyẹn máa wọn orúkọ, kí ó wò ó bóyá UTF-8 rẹ̀ pé, kí ó tó gbé e fún ètò C. Kí ó sì rántí pé bí Rust bá ti ń bá C sọ̀rọ̀ nínú `unsafe`, níbi tí Rust kò ti lè ṣọ́ ìrántí fún wa, a ti padà sí ibi tí a ti ń bọ̀.

Adánwò kọ pé:

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ AddressSanitizer, irinṣẹ́ compiler tó ń ṣọ́ bí ètò ṣe ń lo ìrántí, ó sì yà mí lẹ́nu. Ẹ fi `-g -fsanitize=address` sí ẹ̀dà ìdánwò, kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn ń lò, nítorí ó máa ń sọ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́rọ̀ àkókò, a kò sì ṣe é fún ààbò. Níbi tí canary ti ń dúró kí iṣẹ́ parí kí ó tó ké, èyí máa ń ké ní ìlà gan-an tí báìtì àkọ́kọ́ ti kọjá ààlà, á sì dárúkọ bọ́fà náà fún yín. Ẹ wá fi AFL++, ètò tó ń fi onírúurú ohun tó ṣàjèjì dán ètò mìíràn wò, rọ̀jò ìdọ̀tí lé e lórí mọ́jú. Ẹ fún un ní irúgbìn tó dára: orúkọ alámì, orúkọ báìtì 15, 16 àti 17, orúkọ òfìfo, àti ọ̀kan tó gùn tó báìtì 10000.

Onílé-Ìṣọ́:

Mo gbàgbé nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ètò náà ṣiṣẹ́ bíi root, ẹni tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ. Nínú fáìlì systemd rẹ̀ (systemd ni Linux fi ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò), ẹ fún un ní `User=` tirẹ̀, pẹ̀lú `NoNewPrivileges=yes` àti `ProtectSystem=strict`, kí firewall sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà káńtà nìkan kàn án. Kí ẹ sì máa gba àtúnṣe Linux fúnra rẹ̀. Ihò tí ilé iṣẹ́ ààbò Qualys kéde nínú sudo, àṣẹ tí a fi ń gba agbára root, ní oṣù kìíní ọdún 2021 ti wà níbẹ̀ láti oṣù keje ọdún 2011: àkúnwọ́sílẹ̀ lórí heap, apá ìrántí mìíràn, tó ń sọ ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ di root. Kòkòrò Slammer tó jà ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2003 kò ju báìtì 376 lọ, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni Microsoft sì ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde.

Akọ̀wé Àjọ:

Mo padà dé. Ó gbà mí ní ọjọ́ mọ́kànlá. Gbogbo ibi 43 ti ń wọn nǹkan báyìí, orúkọ sì ní báìtì 256. `randomize_va_space` jẹ́ 0 lóòótọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú ìwé owó, ẹni méjì ni nọ́ńbà wọn ti dàrú, a sì ti fi rìsíìtì tọwọ́ wọn tún un ṣe.

AddressSanitizer mú ọ̀kan tí èmi àti grep kò rí: nínú iṣẹ́ tó ń tẹ rìsíìtì, ẹni tó kọ ọ́ kọ `i <= 40` níbi tó yẹ kó kọ `i < 40`. Báìtì kan ṣoṣo ni, ó sì jẹ́ pé orúkọ tó bá gùn tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ló lè fà á.

Ohun tó kù ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lónìí pé ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ti fi ẹ̀dà tí kò ní ààbò yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wa kejì. Mo ti ní kí wọ́n yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì server náà, inú ìwé ni wọ́n sì ń kọ owó sí títí n ó fi dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.